Kámẹ́rà àti Ìmọ́lẹ̀ tí Ojú Kò Rí

1. Owó tí onífọ́tò fẹ́ yá

Ẹ jẹ́ kí á fi onífọ́tò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Ṣábẹ̀, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Savè, ni ó ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ya àwòrán ìgbéyàwó, ìkómọjáde, àti àwòrán pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìdánimọ̀. Nígbà tí fóònù kò tíì ní kámẹ́rà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í dá. Lóde òní, olúkúlùkù ń fi fóònù ya ara rẹ̀. Kámẹ́rà àtijọ́ méjì wà nínú àpótí onífọ́tò yìí. Eruku ti bò wọ́n.

Ní ọjọ́ kan, àlejò kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó mú gíláàsì dúdú kan jáde láti inú àpò. Ó ní bí a bá fi gíláàsì náà sí ojú kámẹ́rà, kámẹ́rà yóò rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí. Ó ní yóò rí àrùn nínú ara, yóò rí owó tí a rì mọ́lẹ̀, yóò sì rí ara ènìyàn lábẹ́ aṣọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin séfà ni ó pè é.

Onífọ́tò ronú títí. Kò ní owó náà lọ́wọ́. Ó gba ilé ìyá kan lọ ní àdúgbò. Ìyá yìí ní oko kajú, ó sì máa ń yá ènìyàn lówó nígbà mìíràn.

Onífọ́tò: Ẹ kú àárọ̀, ìyá.

Ìyá: Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́?

Onífọ́tò: Wọ́n wà dáadáa, ìyá. Owó ni mo wá yá lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ ra gíláàsì kan tí ń rí owó nínú ilẹ̀.

Ìyá: Gíláàsì tí ń rí owó nínú ilẹ̀! Kí ló dé tí ẹni tí ó ní in kò fi wá tirẹ̀, tí ó fi wá ń ta á fún ọ?

Onífọ́tò: Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ìyá. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé gíláàsì bẹ́ẹ̀ wà ní tòótọ́, pé àwọn òyìnbó ń fi í ya àwòrán.

Ìyá: Ó lè wà. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ra ewúrẹ́ lọ́jà, ṣé o kì í wo ẹnu rẹ̀, kí o wo ẹsẹ̀ rẹ̀? Lọ wádìí ohun tí gíláàsì náà lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe. Nígbà tí o bá mọ̀ ọ́n, padà wá.

Ìmọ̀ràn ìyá yìí dára. Àwa náà yóò ṣe ìwádìí náà nínú ẹ̀kọ́ yìí. A ó rí i pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àlejò náà, irọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. A ó sì rí i pé ẹni tí ó bá ní kámẹ́rà àtijọ́ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìjẹ gbèsè.

2. Ìmọ́lẹ̀ wo ni ojú kò rí?

Gbogbo wa ti rí òṣùmàrè. Àwọ̀ pupa wà ní etí kan, àwọ̀ àlùkò wà ní etí kejì. Ojú wa kò rí nǹkan kan lẹ́yìn pupa. A rò pé ìmọ́lẹ̀ ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tán.

Ní ọdún 1800, William Herschel, ọmọ Jámánì kan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀. Ó fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sí ibi tí ó kọjá pupa, níbi tí ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà ti gbóná jù. Herschel mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú kò rí.

Àwọn onímọ̀ ń pe ìmọ́lẹ̀ yìí ní infrared. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu púpọ̀. Ajá ń gbọ́ ìró tí etí ènìyàn kò gbọ́. Bí a kò tilẹ̀ gbọ́ ọ, ìró náà wà. Bákan náà ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa wà ní àyíká wa láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ń rán an wá. Ewé ń dá a padà. Ojú wa ni kò rí i.

Ní ọdún 1910, Robert Wood, ọmọ Amẹ́ríkà, fi àwòrán tí ó fi ìmọ́lẹ̀ yìí yà han àwọn ènìyàn. Nínú àwòrán wọ̀nyí, ewé igi funfun, òfuurufú sì dúdú. Láti ìgbà náà ni àwọn onífọ́tò ti ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Fíìmù pàtàkì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Fíìmù náà ṣòro láti tọ́jú, nítorí pé ooru máa ń bà á jẹ́. Kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ni ó mú iṣẹ́ náà rọrùn.

3. Oríṣi méjì ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa

Ibí yìí ni àwọn ẹlẹ́tàn ti ń rí ènìyàn mú. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Oríṣi kìn-ín-ní ni èyí tí ó súnmọ́ pupa. Oòrùn ni ó ń fún wa ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń bọ́ sórí nǹkan, ó sì ń ta padà, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tí a rí ti ń ṣe. Èyí ni kámẹ́rà tí a ń lò lójoojúmọ́ lè gbà.

Oríṣi kejì ni èyí tí ó jìnnà sí pupa. Ohun gbogbo tí ó gbóná ń rán an jáde: ara ènìyàn, ara màlúù, àdògán, òrùlé páànù. Ẹ rántí ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń na ohun èlò kan tí ó dà bí ìbọn kékeré sí iwájú orí ènìyàn, ohun èlò náà sì ń sọ bí ara ẹni náà ṣe gbóná tó. Oríṣi kejì yìí ni ohun èlò náà ń gbà. Kámẹ́rà tí a fi ń ya ìgbéyàwó kò lè gbà á láéláé, bí ó ti wù kí a fi gíláàsì dúdú sí i tó. Kámẹ́rà mìíràn ni a ṣe fún un.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé gíláàsì òun yóò mú kí kámẹ́rà yín rí ibà tàbí kí ó rí àrùn nínú ikùn, irọ́ ni ó ń pa. Bí a bá fi oríṣi kìn-ín-ní ya apá ènìyàn, iṣan ẹ̀jẹ̀ lè hàn díẹ̀ lábẹ́ awọ. Iṣan ni, kì í ṣe àrùn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ.

Kámẹ́rà yìí kò sì lè rí owó nínú ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa kì í gba inú yẹ̀pẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ńkọ́? Àwọn aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ yìí lè gba inú wọn díẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun ìyangàn fún onífọ́tò. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a sọ fún ènìyàn kí a tó fi irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ yà á, kí a sì fi àwòrán náà hàn án. Onífọ́tò tí ó bá tú ènìyàn síhòòhò ní ìkọ̀kọ̀ ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́.

4. Kí ni a ó rí nínú àwòrán náà?

Ẹ wo igi máńgòrò ní ọ̀sán. Ewé rẹ̀ tutù, ó dúdú díẹ̀. Ewé ń jẹ ìmọ́lẹ̀ pupa àti ìmọ́lẹ̀ búlúù, nítorí pé àwọn ni ó fi ń ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ó ń dá díẹ̀ nínú àwọ̀ ewé padà, èyí ni a rí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa rárá. Inú ewé kún fún àwọn ihò kéékèèké tí atẹ́gùn wà nínú wọn. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa bá wọ ibẹ̀, yóò máa ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ yóò sì tún jáde padà. Ìdí nìyí tí ewé fi ń funfun nínú àwòrán, bí ẹni pé a da ẹfun lé e lórí.

Òfuurufú tí ó mọ́ yóò dúdú, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa kì í fọ́n ká púpọ̀ nínú atẹ́gùn. Ìkùukùu yóò funfun. Omi odò yóò dúdú, nítorí pé omi ń mu ìmọ́lẹ̀ yìí. Àpáta yóò wà láàrin dúdú àti funfun.

Ẹ wá ronú nípa àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀. Ní ojú lásán, àpáta àti igbó máa ń dà pọ̀ mọ́ra lókèèrè. Nínú àwòrán yìí, igbó ẹsẹ̀ òkè yóò funfun, àpáta yóò ṣókùnkùn, òfuurufú ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dúdú. A ó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Àwọ̀ ara ènìyàn yóò mọ́ ju bí ó ti rí lọ. Aṣọ dúdú lè di aṣọ eérú tàbí aṣọ funfun, nítorí pé aró tí ń jẹ ìmọ́lẹ̀ tí a rí lè má jẹ èyí tí a kò rí. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà kí ẹ tó yà á, kí ó má baà rò pé ẹ bó òun.

Àwọn kan ní ìmọ́lẹ̀ yìí ń la ọyẹ́ kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè la kùrukùru fẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá díẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ tóbi jù, ó ń dí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì lọ́nà. Ìgbà tí ó dára jù ní agbègbè wa ni ìgbà òjò, ní ọjọ́ tí òjò ti dá, tí oòrùn sì mú ganrínganrín. Eruku ti wálẹ̀, ewé tuntun sì pọ̀ lórí igi.

5. Ẹ dán kámẹ́rà wò kí ẹ tó náwó

Ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà tí kò lo fíìmù lè gba ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ṣe kámẹ́rà kò fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yìí ba àwọ̀ àwòrán jẹ́. Nítorí náà, wọ́n fi gíláàsì kékeré kan sí iwájú rẹ̀ láti dí i lọ́nà. Nínú kámẹ́rà kan, gíláàsì yìí ń dí gbogbo rẹ̀. Nínú òmíràn, pàápàá nínú àwọn kámẹ́rà àtijọ́, díẹ̀ ń yọ́ kọjá. Díẹ̀ tí ń yọ́ kọjá yìí ni a ó lò.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ó ń yọ́ kọjá nínú kámẹ́rà tiwa? Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, èyí tí a fi ń yí tẹlifíṣọ̀n láti orí àga. Gílóòbù kékeré kan wà ní orí rẹ̀. Bí a bá tẹ rìmóòtù, gílóòbù náà ń tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa. Ojú wa kò rí nǹkan kan.

Ẹ wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn. Ẹ tan kámẹ́rà. Ẹ kọ orí rìmóòtù sí ojú kámẹ́rà, kí ẹ sì tẹ ẹ́. Ẹ wo ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà níbi tí àwòrán ti ń hàn. Bí kò bá ní èyí, ẹ ya àwòrán rìmóòtù náà bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá wò ó. Bí gílóòbù náà bá tàn yanran, kámẹ́rà yín dára fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá tàn díẹ̀, ẹ ó ní láti ṣe sùúrù púpọ̀. Bí kò bá tàn rárá, ẹ dán rìmóòtù mìíràn wò. Bátìrì àkọ́kọ́ lè ti kú, àwọn rìmóòtù tuntun kan kì í sì í lo ìmọ́lẹ̀. Bí èkejì náà kò bá tàn, ẹ fi kámẹ́rà náà sílẹ̀, kí ẹ gbé òmíràn.

Ẹ lè fi fóònù ṣe ìdánwò náà. Kámẹ́rà iwájú fóònù, tí a fi ń ya ara ẹni, máa ń rí i ju ti ẹ̀yìn lọ nínú ọ̀pọ̀ fóònù.

Ìdánwò yìí kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é kí ó tó ra gíláàsì dúdú lè fi owó rẹ̀ ṣòfò.

6. Asẹ́ dúdú

Gíláàsì dúdú tí àlejò náà mú wá kì í ṣe idán. Asẹ́ ni. Bí asẹ́ ògì ti ń jẹ́ kí omi ògì kọjá, tí ó sì ń dá èèrí dúró, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì yìí ń dá ìmọ́lẹ̀ tí a rí dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo nọ́ńbà méjì.

Nọ́ńbà kìn-ín-ní ń sọ irú asẹ́ tí ó jẹ́. Èyí tí a kọ 720 sí ni ó dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ náà yóò ṣe máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà sí i, iṣẹ́ yóò sì le sí i.

Nọ́ńbà kejì ni bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bíi 52 tàbí 58. Nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà ní etí ojú kámẹ́rà yín mu, kí asẹ́ náà lè wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n onífọ́tò tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè ní asẹ́ nílé láìmọ̀. Ẹ wá àwọn fíìmù aláwọ̀ àtijọ́ tí a ti fọ̀. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, ibi tí oòrùn ti bà nígbà tí a ń ki fíìmù bọ inú kámẹ́rà. Ibẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹ gé e, kí ẹ fi í sí ojú kámẹ́rà. Ẹ tún ṣe ìdánwò rìmóòtù. Bí gílóòbù bá ṣì ń tàn nígbà tí fíìmù dúdú wà níwájú kámẹ́rà, ẹ ti ní asẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ tí a rí bá ṣì ń kọjá, ẹ ká a ní ìlọ́po méjì. Fíìmù aláwọ̀ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ yìí. Fíìmù dúdú àti funfun ti àtijọ́ kò dára fún un, nítorí pé fàdákà inú rẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì.

Àwòrán tí a fi fíìmù yà kò ní mọ́ tó èyí tí a fi gíláàsì yà. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi kọ́ iṣẹ́.

7. Bí a ṣe ń ya àwòrán náà

Ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn mú, tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ púpọ̀. Láàrin aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán ni ó dára jù.

2. Ẹ gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá sí, ẹ gbé e lé orí àpò iyanrìn lórí tábìlì. Kò gbọdọ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé kéré, nítorí náà ojú kámẹ́rà yóò pẹ́ ní ṣíṣí.

3. Ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ yà kí ẹ tó fi asẹ́ sí i, kí ẹ sì mú kí ó mọ́ lójú kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀rọ tí ń wá ojú àwòrán fúnra rẹ̀, kí ó má baà yí padà.

4. Ẹ fi ihò ojú kámẹ́rà sí 8 tàbí 11. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa kì í pàdé ní ibi kan náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí a rí. Ihò kékeré ń mú kí àṣìṣe yìí dín kù. Lára àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́, àmì pupa kékeré kan wà tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí.

5. Ẹ fi asẹ́ sí i. Ẹ fi ISO sí 200 tàbí 400. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí kámẹ́rà ṣí ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Bí àwòrán bá dúdú, ẹ dán 10 wò, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 30.

6. Ẹ fi aṣọ dúdú bo ihò tí a ń fi ojú wò ní ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba ibẹ̀ wọlé.

7. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó yà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ lo aago inú kámẹ́rà, èyí tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 10 kí ó tó yà.

8. Ẹ kọ ohun gbogbo sínú ìwé: ọjọ́, wákàtí, iye ìṣẹ́jú àáyá, àti bí àwòrán ṣe rí. Ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í tètè sọnù.

Àwòrán àkọ́kọ́ yóò pupa bí epo. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ yí kámẹ́rà sí dúdú àti funfun, pupa náà yóò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, ẹ wá ibi tí kámẹ́rà ti ń mọ ohun tí ó funfun. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, WB ni a kọ síbẹ̀. Ẹ fi koríko tútù tí oòrùn ń pa kọ́ ọ, pẹ̀lú asẹ́ ní ojú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ewé yóò funfun. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè fi GIMP, tí a kì í sanwó fún, pààrọ̀ pupa àti búlúù. Òfuurufú yóò di búlúù, ewé yóò sì wà ní funfun.

Nígbà mìíràn, òbìrìkìtì funfun kan máa ń hàn ní àárín àwòrán. Kì í ṣe iwin, kì í sì í ṣe àmì kankan. Lẹ́ǹsì ni ó fà á. Ẹ ṣí ihò ojú kámẹ́rà díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ lo lẹ́ǹsì mìíràn.

8. Ewu méjì

Ewu kìn-ín-ní ni oòrùn. Ẹ má ṣe fi asẹ́ dúdú wo oòrùn láéláé. Nítorí pé asẹ́ náà ṣókùnkùn, ihò ojú wa yóò là gbàgà. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa yóò wọlé, yóò sì jó inú ojú. Kò ní dùn wá lásìkò náà. Ìgbà tí a bá mọ̀, ó lè ti bọ́. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní asẹ́ yìí ṣeré.

Ewu kejì ni títú kámẹ́rà. Àwọn kan máa ń yọ gíláàsì ìdíwọ́ inú kámẹ́rà kúrò pátápátá. Lẹ́yìn èyí, kámẹ́rà náà yóò ya àwòrán kíákíá láìlo igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná wà nínú kámẹ́rà tí ó ní fíláàṣì, ó sì lè tó nǹkan bí 300 fólítì. Iná yìí ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì. Ó lè gbá ènìyàn dànù. Iṣẹ́ alátùn-únṣe tí ó mọṣẹ́ ni. Kámẹ́rà tí a bá sì ti tú bẹ́ẹ̀ kò ní ya àwọ̀ ìgbéyàwó dáadáa mọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi kámẹ́rà tí ẹ fi ń jẹun ṣe é.

9. Àwọn wo ni ó ń lo ìmọ́lẹ̀ yìí?

Ìmọ́lẹ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ fún ènìyàn. Kámẹ́rà aṣọ́lé tí a ń gbé sí ara ògiri ń fi í ríran lóru. Àwọn gílóòbù kéékèèké tí ó yí ojú rẹ̀ ká ni ó ń tàn án.

Ní ọdún 1972, Amẹ́ríkà rán Landsat àkọ́kọ́ lọ sí òkè ọ̀run. Láti òkè ni ó ti ń wo ilẹ̀ ayé, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa àti ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa. Ewé tí ó lágbára ń jẹ púpọ̀ nínú pupa, ó sì ń dá púpọ̀ nínú ẹ̀yìn pupa padà. Bí a bá fi méjèèjì wéra, a ó mọ ibi tí igbó ti tutù, ibi tí ọ̀dá ti mú, àti ibi tí a ti gé igi. Irú iṣẹ́ yìí ń lọ títí di òní.

Ní ìlú Ṣábẹ̀ pàápàá, ìmọ́lẹ̀ yìí ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ gbé irin iṣẹ́ kalẹ̀ sí ìlú mẹ́ta: Kumasi ní Gánà, Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà, àti Ṣábẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà ni DACCIWA. Wọ́n fẹ́ mọ bí ìkùukùu tí kò ga ṣe ń kó jọ lóru, tí ó sì ń bo oòrùn mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà òjò. Ọ̀kan nínú irin iṣẹ́ wọn ń rán ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa sí òkè. Ìmọ́lẹ̀ náà ń kan ìkùukùu, ó sì ń padà. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ bí ìkùukùu ṣe ga tó nínú òkùnkùn.

Ǹjẹ́ àgbẹ̀ lè fi kámẹ́rà rẹ̀ mọ igi tí ó ń ṣàìsàn? Ẹ má ṣe kánjú dáhùn. Ewé tí ó ti ń kú kì í funfun tó ewé tí ó yè. Ṣùgbọ́n òjìji, eruku àti ọjọ́ orí ewé lè fa irú ìyàtọ̀ kan náà. Àwòrán kan ṣoṣo kò tó. Bí a bá ń ya igi kan náà ní oṣooṣù, ní wákàtí kan náà, láti ibi kan náà, a lè rí ìyípadà tí ó yẹ kí a lọ wò. Àwòrán yóò sọ ibi tí ó yẹ kí á lọ wò. Ojú àgbẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ó ṣe igi náà.

10. Onífọ́tò padà sọ́dọ̀ ìyá

Onífọ́tò wa ṣe ìdánwò rìmóòtù. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan. Èkejì, èyí tí ó dàgbà jù, rí i kedere. Ó gé fíìmù dúdú láti inú àpótí rẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà lé orí àpò iyanrìn ní etí oko ìyá. Àwòrán mẹ́rin àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìkarùn-ún jáde.

Ìyá: Oko mi nìyí? Kí ló dé tí ó funfun báyìí?

Onífọ́tò: Ewé ni, ìyá. Bí ewé ṣe rí nìyí nínú ìmọ́lẹ̀ tí a kò rí.

Ìyá: Igi kan ní apá ibẹ̀ yẹn kò funfun bíi tàwọn yòókù.

Onífọ́tò: Mo rí i, ìyá. N kò mọ ohun tí ó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí á lọ wò ó.

Ìyá: Ó dára. Èló wá ni owó tí o fẹ́ yá?

Onífọ́tò: N kò yá owó mọ́, ìyá. Mo ti ní ohun tí mo fi lè bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá mú owó wá, n ó ra gíláàsì gidi nínú èrè rẹ̀.

Wọ́n jọ rìn lọ sí ìdí igi náà. Wọ́n rí i pé ikán ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni William Herschel rí ní ọdún 1800?
2. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn pupa mélòó ni ó wà? Èwo ni kámẹ́rà tiwa lè gbà?
3. Kí ló dé tí ewé fi ń funfun nínú àwòrán yìí?
4. Báwo ni a ṣe ń fi rìmóòtù dán kámẹ́rà wò?
5. Ewu wo ni ó wà nínú fífi asẹ́ dúdú wo oòrùn?
6. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kámẹ́rà òun ń rí owó nínú ilẹ̀, kí ni ẹ ó bi í léèrè?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ mú rìmóòtù kan àti fóònù mẹ́ta wá sí kíláàsì. Ẹ dán fóònù kọ̀ọ̀kan wò, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé yín.